Ta Ló Ní Kọ́kọ́rọ́ Kọ̀ǹpútà Ilé Yín?

Obì ni ìyàwó mi ń tà. Ẹni tó bá mọ Ṣágámù yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Ó ti pẹ́ tí obì Rẹ́mọ ti ń gba Sábó lọ sí Òkè Ọya, tí àwọn oníṣòwò Hausa ń rà á ní agbọ̀n-agbọ̀n, tí wọ́n sì máa ń gbà á láwìn nígbà mìíràn. Ta ló gbé agbọ̀n mélòó, ta ló san díẹ̀ níbẹ̀, ta ló ní ó di ìrìn àjò tí ń bọ̀: inú ìwé ni ó máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a ra kọ̀ǹpútà sílé wa ní Ìbídó, èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ bí yóò ṣe máa kọ ọ́ sínú Excel. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó tó ọdún méjì tó fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ síbẹ̀. Èmi náà ń kọ ìròyìn mi síbẹ̀, ibẹ̀ ni mo ń kó orúkọ àwọn ọmọ ilé kéwú àti owó àsàlátù sí. Àwọn ọmọ sì ń fi í ṣe iṣẹ́ àmúrelé.

Kọ̀ǹpútà kan, àkáǹtì kan, kò sí pásíwọ́ọ̀dù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tàn án ti wọlé dé ìyẹ̀wù.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná wá, ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní JSS 3 ń wá géèmù bọ́ọ̀lù kan tó jẹ́ pé owó ńlá ni wọ́n ń tà á. Ó rí i lọ́fẹ̀ẹ́ níbì kan. Ibi tó ti rí i sọ fún un pé kó kọ́kọ́ pa ohun tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì nínú kọ̀ǹpútà, kí géèmù náà má baà takú. Ó pa á. Kọ̀ǹpútà bi í léèrè bóyá kí òun gba àlejò yìí wọlé, ó tẹ “Yes”. Nígbà tí mo fi ti mọ́ṣáláṣí dé lẹ́yìn ìrun àsùbáà, gbogbo fáìlì wa ti hu ìrù. Lẹ́tà mẹ́rin tí kò ní ìtumọ̀ wà lẹ́yìn orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò sì sí èyí tó ṣeé ṣí. Ìwé kékeré kan wà nínú fódà kọ̀ọ̀kan, “_readme.txt” ni orúkọ rẹ̀. Ó ní kí a san 980 dọ́là kí a tó rí ẹrù wa gbà, ṣùgbọ́n tí a bá tètè kàn sí àwọn láàárín wákàtí 72, àwọn yóò gba 490.

A kò san án. Níbo la ti fẹ́ rí i? Kódà ká ní a rí i, àdéhùn wo lèèyàn ń bá olè tí kò mọ ojú rẹ̀ ṣe? Ìyàwó mi gbé ìwé rẹ̀ àtijọ́ jáde, ó gba Sábó lọ, ó ń bi àwọn onígbèsè rẹ̀ léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan pé èló ni wọ́n jẹ òun. Bàbá arúgbó kan dárúkọ iye tó ju èyí tí òun gan-an rántí lọ, ó ní òun kò fẹ́ kó o lọ sí ọ̀run. Àwọn mìíràn ní àwọn kò rántí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn parí sí.

Ọmọ náà ni mo kọ́kọ́ bínú sí. Pàṣán ni mo ń wá kiri nígbà tí ìyá rẹ̀ fi bi mí pé: “Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kó kọ́kọ́rọ́ ilé fún un?” Mo dákẹ́. Òótọ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mo fún ní àṣẹ bàbá ilé, tí mo tún ń bi í pé kí ló dé tó fi lò ó.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, nítorí mo ti ṣèbẹ̀wò sí ilé bíi mélòó kan láti ìgbà náà, bí tiwa ṣe rí ni tiwọn náà rí. Kọ̀ǹpútà kan láàárín, gbogbo ilé ń lò ó, kò sì sẹ́ni tó béèrè irú àṣẹ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìlú wa ṣe àpèjúwe. Ìlú mẹ́tàlá ló kóra jọ tó di Ṣágámù ní nǹkan bí ọdún 1872. Ìbídó wà níbẹ̀, Ọ̀fìn tí ààfin Akárígbò wà níbẹ̀, Màkún, Ẹ̀pẹ́, Ṣóyìndó àti àwọn yòókù. Wọ́n ń gbé pọ̀ nítorí ààbò, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná. Síbẹ̀, kíkórajọ yẹn kò ní kí ará Màkún jí lówùúrọ̀ kó wá máa tú àpótí ará Ìbídó. Kálukú ló mọ agboolé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àkáǹtì inú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ kan ni gbogbo yín ń lò, àmọ́ agboolé kálukú wà lọ́tọ̀, ó sì ní ilẹ̀kùn.

Oríṣi àkáǹtì méjì ló kan ilé wa nínú Windows, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń rà. Èkíní ni wọ́n ń pè ní “Administrator”, èkejì ni “Standard User”. Èmi ń pe èkíní ní àkáǹtì onílé, mo ń pe èkejì ní àkáǹtì ọmọ ilé. Onílé lè fi ohunkóhun sínú kọ̀ǹpútà, ó lè yọ ọ́ kúrò, ó lè pa ohun tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì, ó lè dá àkáǹtì sílẹ̀, ó lè pa ti ẹlòmíràn rẹ́, ó lè yí pásíwọ́ọ̀dù ẹlòmíràn padà, ó sì lè ṣí fódà tó bá wù ú. Ọmọ ilé lè kọ ìwé, ó lè tẹ̀ ẹ́ jáde, ó lè wo íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè lo gbogbo ohun tí onílé ti fi síbẹ̀, kó sì yí pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ padà. Kò lè fọwọ́ kan fódà tí Windows fúnra rẹ̀ ń gbé, kò sì lè wọ yàrá ẹlòmíràn. Nínú fódà kan tó ń jẹ́ “Users” ni yàrá kálukú wà, orúkọ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Bí ọmọ ilé bá fẹ́ ṣí ti ẹlòmíràn, kọ̀ǹpútà á ní kó lọ pe onílé wá.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé àkáǹtì àkọ́kọ́ tí èèyàn bá dá sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tuntun, àkáǹtì onílé ni. Ẹni tó bá rà á, tó tàn án, tó kọ orúkọ rẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó bẹ́ẹ̀, agbára onílé ló ń lò lójoojúmọ́ láìmọ̀. Gbogbo ohun tó bá tẹ̀, agbára onílé ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ náà di onílé.

Ọgbọ́n kí a pín kọ̀ǹpútà kan fún ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe tòní. Ní ọdún 1961 ni ọ̀gbẹ́ni kan, Fernando Corbató, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà fi ètò kan hàn tí wọ́n pè ní CTSS. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn tóbi bí ilé, ó sì wọ́n bí ojú, nítorí náà kálukú ló ní wákàtí tirẹ̀ àti pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Allan Scherr rí i pé wákàtí mẹ́rin tí wọ́n fún òun lọ́sẹ̀ kò tó òun. Ní 1962, ó ní kí ẹ̀rọ tẹ fáìlì tí gbogbo pásíwọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀ jáde fún òun, ẹ̀rọ sì tẹ̀ ẹ́ jáde! Kò wá kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni lọ́kọ̀ọ̀kan, àpò kọ́kọ́rọ́ ló béèrè, wọ́n sì gbé e fún un. Ó lé ní ogún ọdún kó tó jẹ́wọ́. Ẹ ò rí i pé ọjọ́ tí wọ́n ti kan ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń wá ọ̀nà àtiwọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Àwọn tó ṣe Windows náà mọ̀. Nígbà ayé Windows XP tó jáde ní 2001, gbogbo ilé ló ń lo agbára onílé, fáírọ́ọ̀sì sì ń jayé orí wọn. Nígbà tí Windows Vista dé fún gbogbo ayé ní oṣù January 2007, wọ́n mú ohun kan wá tí wọ́n ń pè ní UAC. Ẹ ti rí i rí. Ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn lójijì, àpótí kékeré kan á yọ láàárín, á máa béèrè bóyá ẹ fẹ́ kí áàpù yìí yí nǹkan padà nínú ẹ̀rọ yín. Àwọn èèyàn bínú sí i nígbà náà pé ó ń yọ wọ́n lẹ́nu jù, nínú Windows 7 ní 2009 ni wọ́n tó dín in kù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ìbéèrè yẹn kò rí bákan náà fún gbogbo èèyàn. Bí onílé bá wà níbẹ̀, “Yes” tàbí “No” péré ló máa bi í. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ilé, pásíwọ́ọ̀dù onílé ló máa béèrè, kò sì ní kọjá láìrí i. Ọmọ mi tẹ “Yes” nítorí pé “Yes” ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ká ní àkáǹtì ọmọ ilé ló ń lò ni, ibi tó ti fẹ́ pa ẹ̀ṣọ́ ni ì bá ti dúró.

Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú, ó yẹ kí n ti mọ èyí ṣáájú. Nínú Súrátù Núúrù, áyà 27, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a má wọ ilé tí kì í ṣe tiwa láìgba àṣẹ, láìsálámà. Áyà 58 wá sọ̀kalẹ̀ wọ inú ilé gan-an. Ó dárúkọ àsìkò mẹ́ta tí ọmọ tí kò tíì bàlágà pàápàá gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kó tó wọlé bá àgbà: ṣáájú ìrun àsùbáà, ọ̀sán nígbà tí èèyàn bọ́ aṣọ sílẹ̀, àti lẹ́yìn ìrun ìṣáì. Áyà tó tẹ̀ lé e ní tí wọ́n bá ti bàlágà, kí wọ́n máa gbàṣẹ bí àwọn tó ṣáájú wọn. Ọmọ inú ilé ni wọ́n ń sọ o, kì í ṣe àlejò. Ìgbàṣẹ nínú ilé kò túmọ̀ sí pé a ń fura sí ọmọ ẹni. Àwọn kan bi mí pé ṣé mo kò fọkàn tán àwọn ọmọ mi ni mo fi ń fi pásíwọ́ọ̀dù sí kọ̀ǹpútà. Ilẹ̀kùn yàrá mi náà ní kọ́kọ́rọ́, kò sì sẹ́ni tó bi mí nípa ìyẹn.

Ó yá, bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ fara balẹ̀ níbí, nítorí ètò tí ẹ bá fi ṣe é ṣe pàtàkì. Àṣìṣe tí mo rí lọ́wọ́ àwọn èèyàn ni pé wọ́n á dá àkáǹtì ọmọ ilé tuntun fún ara wọn, gbogbo fáìlì wọn á wá ṣẹ́kù sínú ti àtijọ́, wọ́n á máa gbé ẹrù láti yàrá kan dé èkejì. Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Onílé tuntun ni kí ẹ kọ́kọ́ dá sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá dín agbára àkáǹtì tí ẹ ti ń lò kù. Báyìí, ẹrù yín kò kúrò níbi tó wà.

Ẹ lọ sí “Settings”, kí ẹ tẹ “Accounts”, kí ẹ wá tẹ “Other users”. Lórí Windows 10, “Family & other users” ló ń jẹ́. Ẹ tẹ “Add account”, ti Windows 10 ni “Add someone else to this PC”. Á béèrè ímeèlì. Bí ẹ kò bá fẹ́ lo ímeèlì, ẹ tẹ ìlà tó ní “I don’t have this person’s sign-in information”, lẹ́yìn náà “Add a user without a Microsoft account”. Ẹ kọ orúkọ kan, tiwa ń jẹ́ “Onile”, kí ẹ sì fún un ní pásíwọ́ọ̀dù tó gùn. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ orúkọ náà nínú àwọn tó tò sílẹ̀, ẹ tẹ “Change account type”, ẹ mú “Administrator”.

Ẹ jáde nínú àkáǹtì yín, ẹ fi ti tuntun yìí wọlé láti rí i pé pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fo èyí. Ìgbà tí ẹ bá ti wọlé tán, tí ó dá yín lójú, ni kí ẹ lọ sí orúkọ yín àtijọ́, kí ẹ sọ ọ́ di “Standard User”. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dá ti ìyàwó, ti ọkọ àti ti àwọn ọmọ sílẹ̀, kí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ ilé. Bẹ́ẹ̀ ni, àti ẹ̀yin bàbá pẹ̀lú. Onílé kì í ṣe ẹnì kan nínú yín mọ́, kọ́kọ́rọ́ tí a gbé kọ́ sára ògiri ni, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá wà la ń mú un.

Nígbà tí ẹ bá ń dá àkáǹtì tí kò ní ímeèlì, Windows á bi yín ní ìbéèrè mẹ́ta tí á fi dá yín mọ̀ bí ẹ bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù. Ìlú tí wọ́n ti bí yín, orúkọ ẹran ọ̀sìn yín àkọ́kọ́, irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú ilé? Ọmọ yín mọ ìlú tí wọ́n ti bí yín. Ẹ kọ ìdáhùn tí kò bá ìbéèrè mu rárá, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ síbì kan.

Bí ẹ bá sì wà nídìí “Other users” yẹn, ẹ wo àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀ dáadáa. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń rà. Ọ̀rẹ́ mi kan rí orúkọ ẹni tó tà á fún un nínú tirẹ̀, onílé ni, pásíwọ́ọ̀dù sì wà lára rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń lò ó. Bóyá olóòótọ́ ni ẹni náà, bóyá ó gbàgbé ni. Ohun tó dára jù ni kí ẹ nu kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mọ́ pátápátá lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, kó tó di pé ẹrù yín wọ inú rẹ̀. “Reset this PC” ni wọ́n ń pè é, kí ẹ sì mú “Remove everything”.

Ohun tí àkáǹtì ọmọ ilé kò lè ṣe tún wà, n kò sì ní tan yín jẹ. Ọmọ tó bá gbé nǹkan burúkú wọ yàrá tirẹ̀ ṣì lè ba ohun tó wà nínú yàrá náà jẹ́. Irú ohun tó dé bá wa yẹn á jẹ fáìlì rẹ̀, á jẹ ohun tó wà nínú fódà “Public” tí gbogbo ilé jọ ń lò, á sì jẹ fílááṣì tó bá wà lára ẹ̀rọ lákòókò náà. Ṣùgbọ́n gbèsè obì ìyá rẹ̀ á wà níbi tó wà. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí iná jó yàrá kan àti kí ó jó ilé.

Àwọn fáírọ́ọ̀sì kan sì wà tí kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. WannaCry tó jà káàkiri ayé ní oṣù May 2017 kò dúró de ẹni tí yóò tẹ “Yes”. Ihò kan ló wà lára Windows fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ló gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ Microsoft ti gbé ohun tí wọ́n fi ń dí ihò náà jáde ní oṣù méjì ṣáájú. Àwọn tí kò gbà á ló kó sí wàhálà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa gba àtúnṣe rẹ̀, bó tilẹ̀ ń jẹ dátà. Ẹni tó bá ṣì ń lo Windows 10, kó mọ̀ pé ọjọ́ 14 oṣù October 2025 ni Microsoft fòpin sí àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo èèyàn lórí rẹ̀.

Bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà lọ ńkọ́? Pásíwọ́ọ̀dù tí a fi ń wọlé kò ní dá a dúró. Yóò yọ díìsìkì tó wà nínú rẹ̀, yóò gbé e sára ẹ̀rọ mìíràn, yóò sì kà á bí ìwé. Àfi tí ẹ bá ti fi ohun tó ń sọ ìwé di àdììtú sí i, èyí tí Windows ń pè ní BitLocker tàbí “Device encryption”. Bí ẹ bá tan ìyẹn, nọ́ńbà gígùn kan wà tí á fún yín. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà yẹn bí ìwé ilẹ̀. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bá béèrè rẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin náà ti di olè lójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó gba ìjíròrò nílé wa ju gbogbo èyí lọ. Ta ni kó di pásíwọ́ọ̀dù onílé mú? Mo rò pé èmi ni. Ìyàwó mi rọra rán mi létí pé ọjà rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, àti pé èmi fúnra mi ni mo máa ń wàásù pé ohun ìní obìnrin kì í ṣe ti ọkọ. Bí mo bá jẹ́ onílé, kò sí ohun tó wà nínú fódà rẹ̀ tí mi ò lè ṣí. Òdodo ọ̀rọ̀ ni, ó sì dùn mí díẹ̀ pé n kò rò ó ṣáájú rẹ̀. Ohun tí a ṣe ni pé ọwọ́ rẹ̀ ni pásíwọ́ọ̀dù onílé wà. Èmi náà ní ohun tí kò gbọ́dọ̀ rí: àwọn kan máa ń sọ ọ̀rọ̀ ìdílé wọn fún mi nítorí iṣẹ́ mi, àmánà ni. Fún irú ìwé bẹ́ẹ̀, a máa ń fi pásíwọ́ọ̀dù sí fáìlì náà fúnra rẹ̀. Nínú Excel tàbí Word, ẹ tẹ “File”, lẹ́yìn náà “Info”, ẹ ó rí “Encrypt with Password” lábẹ́ èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Protect”. Onílé lè rí i pé fáìlì wà níbẹ̀, kò lè kà á. Ẹ̀yin náà kò sì ní lè kà á mọ́ bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, kódà Microsoft kò lè bá yín ṣí i.

Orúkọ àwọn ọmọ ilé kéwú náà jẹ́ àmánà, òfin sì wà lórí rẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni tí wọ́n buwọ́ lù ní Nàìjíríà ní oṣù June 2023 yọ ohun tí èèyàn ń kọ fún ìlò ara rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ ọlọ́mọ, nọ́ńbà àwọn òbí wọn àti owó tí wọ́n san kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdílé mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú pálọ̀ mi ni kọ̀ǹpútà wà. Àkáǹtì ọ̀tọ̀ ni mo dá fún iṣẹ́ ilé kéwú báyìí, olùkọ́ tó bá fẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀ á wọ ibẹ̀, kò ní rí ohun mìíràn.

Ikú náà ń bẹ. Súrátù Bákárà, áyà 282, ní kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀, a sì ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbèsè tí a kọ sínú kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣí lẹ́yìn wa, ṣé a kọ ọ́ lóòótọ́? Àwọn ọmọ olóògbé á jókòó, wọn kò ní mọ ẹni tó jẹ bàbá wọn àti ẹni tí bàbá wọn jẹ. Mo kọ pásíwọ́ọ̀dù mi àti ti fáìlì gbèsè sínú ìwé kan, mo fi í sínú àpòòwé, mo lẹ̀ ẹ́ pa, ó wà pẹ̀lú ìwé àsọọ́lẹ̀ mi lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ìyàwó mi ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà máa ń ní kí a má kọ pásíwọ́ọ̀dù sílẹ̀ rárá, mo mọ̀. Olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè tú àpótí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkẹ́nnẹ́.

Àwọn tó ń lo Mac yóò rí tiwọn ní “Users & Groups” nínú “System Settings”, orúkọ oríṣi méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Fóònù Android náà lè gba ju ẹnì kan lọ láti ìgbà tí Android 5.0 ti jáde ní 2014, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe fóònù mìíràn máa ń yọ ọ́ kúrò. Ẹ wá “Multiple users” nínú “Settings”. Bí ó bá wà, ẹ lè ṣí àyè “Guest” fún ọmọ tó ń bẹ̀bẹ̀ fún fóònù, kò ní rí WhatsApp yín níbẹ̀.

Ìyàwó mi ti tún ìwé gbèsè rẹ̀ kọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀ gbogbo, lẹ́yìn ọjà, ó máa ń da gbogbo rẹ̀ sórí díìsìkì kékeré kan, á yọ ọ́ lára kọ̀ǹpútà, á fi í sínú àpótí aṣọ rẹ̀. Bí kò bá yọ ọ́, asán ni, nítorí ohun tó bá jẹ kọ̀ǹpútà á jẹ òun náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ wa tún rí géèmù mìíràn. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, ó béèrè pásíwọ́ọ̀dù, ó sì lọ pe ìyá rẹ̀ wá láti ìdí ààrò. Ìyẹn wọ awò ojú rẹ̀, ó fara balẹ̀ ka orúkọ tó wà nínú àpótí náà, ó bi í pé níbo ló ti rí i. Ọmọ náà ń wo ilẹ̀. Ó tẹ “No”, ó ní kó lọ sùn.